Ohun Tó Wà Lábẹ́ Òkè-Ọlá

Kí ló wà lórí ilẹ̀ yìí kí wọ́n tó kọ́lé sí i?

Ìbéèrè yìí kò le. Ọmọdé tó ń ṣeré níta lè bi èèyàn bẹ́ẹ̀, àgbàlagbà tó bá sì mọ̀ ọ́n lè fi gbólóhùn kan dá a lóhùn, kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, láti ọjọ́ tí Àwáwù ti Tẹ̀dé wá sí Ṣakí láti wá wẹ ọmọ fún Sàfúrátù ọmọ rẹ̀, títí di òwúrọ̀ ọjọ́ ìkómọ, gbogbo ẹni tó yẹ kó mọ̀ ló bi, àdúrà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fi dá a lóhùn. Ẹni tí a bi ní ìbéèrè tó fi àdúrà dáhùn, kì í ṣe pé kò gbọ́. Ó gbọ́. Ìdáhùn náà ni kò fẹ́ kó gba ẹnu òun jáde.

Àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Òkè-Ọlá ni Jímọ̀, ọkọ Sàfúrátù, kọ́lé sí. Ìsàlẹ̀-Ọ̀dàn ni àwọn àgbà ìlú ń pè é látijọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni omi òjò máa ń ṣàn sí láti ẹ̀gbẹ́ àpáta. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, tí àwọn tó ń kó ọjà gba ẹnubodè Ìjìó wọ̀lú bẹ̀rẹ̀ sí í lówó lọ́wọ́, tí ìjọba sì ń gbé àwọn aṣọ́bodè àti àwọn òṣìṣẹ́ ńlá wá sí Ṣakí, àwọn ẹni tuntun wọ̀nyí ra agbo-ilé tẹ̀ lé agbo-ilé níbẹ̀. Wọ́n wó ilé amọ̀, wọ́n kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n sì yí orúkọ àdúgbò padà. Bí a bá rò ó dáadáa, ó yẹ kó ya èèyàn lẹ́nu: ẹnu lásán ni wọ́n fi gbé ìsàlẹ̀ dé òkè. Omi òjò nìkan ni kò gbọ́ ìròyìn náà. Ibi tó ń gbà tẹ́lẹ̀ ló ṣì ń gbà.

Ọdún kejì tí àwọn ológun gbé ìjọba fún àwọn olóṣèlú ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí òjò ti wọlẹ̀ dáadáa. Àwáwù kò tíì sùn sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rí. Ohun tó kọ́kọ́ dà á láàmú ní Òkè-Ọlá kì í ṣe gíga ilé, ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ ni. Ní Tẹ̀dé, kí èèyàn tó jáde agbo-ilé láàárọ̀, ẹnu rẹ̀ á ti gbẹ fún ìkíni. Ní Òkè-Ọlá, ó kí géètì, géètì kò dáhùn. Ó kí obìnrin kan tó jókòó sínú ọkọ̀ Píjò, obìnrin náà rọra yí gíláàsì sókè. Ní ìkóríta, ilé ìtajà kan wà tí ẹ̀rọ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù nínú rẹ̀, tí a kì í ti í ná ọjà. Iye tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ara agolo ni èèyàn ń san. Àwáwù wọ ibẹ̀ lọ ra mílíìkì, ó ní kí wọ́n dín in kù fún òun. Ọmọge tó ń tajà bú sẹ́rìn-ín.

“Màmá, agolo kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.”

Ní òdìkejì ọ̀nà, ilé ìṣerun kan wà tí àwọn obìnrin ti ń ti orí bọ abẹ́ akoto irin gbígbóná. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ilé ọtí tó fi gílóòbù pupa àti àwọ̀ ewé yí ẹnu ọ̀nà ká. Gbogbo rẹ̀ dára lójú. Àwáwù kì í ṣe ẹni tó ń bínú ọrọ̀. Nínú gbogbo ọmọ tí ó bí, Sàfúrátù nìkan ló kù láyé, bí Ọlọ́run bá sì ti fẹ́ fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹ́ ẹ, ta ni ìyá rẹ̀ tí yóò kọ̀? Ohun tó fẹ́ kò pọ̀: kí ọmọ rẹ̀ àti ọmọ ọmọ rẹ̀ wà láàyè.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé òfin kan níbí, nítorí pé láìsí i, ìwà àwọn tó wà nínú ìtàn yìí yóò dà bí ìwà òpònú. Lọ́dọ̀ wa, ilé tuntun kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú. Bí wọ́n bá mú ọ wọ ilé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé, ohun yòówù kí ojú rẹ rí, “Ẹ ó lò ó pẹ́, ẹ ó kọ́ mìíràn” ni ẹnu rẹ gbọ́dọ̀ sọ. Ẹni tó bá dárúkọ ìwó mọ́ ilé tó dúró, òun ló wó o. Bó bá sì wó lóòótọ́, a kì í wádìí igi tàbí bíríkì. Ẹnu tó sọ ọ́ la máa ń wá kiri. Bí ẹni náà bá tún wá jẹ́ ìyá ìyàwó ńkọ́? Ìyá ìyàwó tó bá sọ pé ilé àna òun kò dúró ire, àjẹ́ ni ayé yóò pè é, ọmọ rẹ̀ ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀ nílé ọkọ. Nítorí náà, Àwáwù kò lè sọ. Ó lè béèrè nìkan.

Omi ló kọ́kọ́ fún un ní ohun tí yóò béèrè.

Ní balùwẹ̀ òkè, ilẹ̀ dán bí àwo, ihò tí omi ń gbà jáde sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Àwáwù jókòó lórí àpótí, tó na ẹsẹ̀ méjèèjì, tó tẹ́ ìkókó sórí ojúgun, omi tó ń dà sí ọmọ lára tọ ihò náà lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tó ṣe, omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúró láàárín ilẹ̀ bí ẹni tó dé oríta tí kò mọ̀nà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kẹ̀yìn sí ihò pátápátá, ó sì forí lé ògiri ẹ̀yìn.

“Sàfú,” ó pe ọmọ rẹ̀, “wá wo omi yìí.”

Sàfúrátù fẹ̀yìn ti àtẹ́rígbà, ojú rẹ̀ ṣì wú fún oorun. “Màámi, ṣé omi lẹ ń wẹ̀ ni, àbí ọmọ?”

“Ọmọ ni mò ń wẹ̀. Omi ni mò ń wò.”

“Ẹ fi omi sílẹ̀ jàre. Ibi tó bá wù ú ni kó gbà. Ṣebí kò sá kúrò nílé.”

Àwáwù kò rẹ́rìn-ín. Ó fi omi ṣan ẹ̀yìn ọmọ, ó dà á dé ọwọ́ kejì. “Kí ló wà lórí ilẹ̀ yìí kí ọkọ rẹ tó kọ́lé sí i?”

“Agbo-ilé kan ni. Ilé Ọ̀jẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Àwọn ló tà á fún un.”

“Ṣé gbogbo rẹ̀ ni ilé wà? Títí dé ibi tí a wà yìí?”

Sàfúrátù ronú díẹ̀. “Bàbá Ìkókó kò sọ ìyẹn fún mi. Ẹ bi í.” Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Ṣùgbọ́n ẹ má bi í lónìí, ẹ jọ̀ọ́. Láti ìgbà tí òjò ti ń rọ̀, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi òun ní nǹkan kan nípa ilé.”

Láti ọjọ́ náà ni ojú Àwáwù ti ń rí ohun tí kò rí tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá ọmọ kò pa dé mọ́. Káfíńtà wá, ó fá etí rẹ̀, ó pa dé. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ó tún ti há. Lára ògiri ẹ̀yìn ní pálọ̀ òkè, Jímọ̀ gbé kàlẹ́ńdà ńlá kan kọ́, tó ní àwòrán Mẹ́kà. Àwáwù ń gbálẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó gbé etí kàlẹ́ńdà náà sókè. Ògiri ti là lábẹ́ rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ àgbàlagbà sì lè wọ ibẹ̀. Ó rọra dá kàlẹ́ńdà padà, bí ẹni tó ṣèèṣì ṣí aṣọ lára ẹlẹ́gbò.

Ní ẹ̀yìnkùlé, lẹ́yìn òjò, ilẹ̀ máa ń rùn bí eérú tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Àgbàrá máa ń hú àpáàdì síta. Ṣùgbọ́n àpáàdì kì í ṣe ẹ̀rí: ibo ni a gbẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá tí a kò bá àpáàdì? Òórùn kì í ṣe ẹ̀rí, ilẹ̀kùn tó há kì í ṣe ẹ̀rí nígbà òjò. Àwáwù kó gbogbo rẹ̀ jọ lọ́kàn, ó wò ó, ó sì rí i pé ìfura ni gbogbo rẹ̀. Ìfura kò lè mú ìyá ìkókó jáde kúrò nílé ọkọ rẹ̀. Ẹlẹ́rìí ló lè ṣe é.

Àtinúkẹ́ ni ó kọ́kọ́ tọ̀ lọ. Aya Ilé Ọ̀jẹ̀ ni obìnrin yìí. Nígbà tí àwọn ará ilé rẹ̀ ta ilẹ̀ wọn, tí wọ́n sì kó lọ, òun nìkan ni kò kúrò ní àdúgbò. Ó gba yàrá kan lẹ́yìn ilé ìṣerun, ó sì ń ta òrí, osùn àti ọṣẹ lábẹ́ igi kan lẹ́bàá ọ̀nà.

“Ìyá Sàfú, ẹ kú ọwọ́ lómi o! Ọmọ ńkọ́? Ṣé ó ń mu ọmú?”

“Ó ń fà á bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ẹ bu òrí fún mi.”

“Òrí Ìgbòho nìyí. Bí ẹ bá fi pa ọmọ yẹn lára, àwọn ará pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yín á rò pé ẹ kùn ún lọ́dà ni.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Nínú ẹ̀rín náà ni Àwáwù ti béèrè. Ọwọ́ Àtinúkẹ́ dúró nínú igbá.

“Ilé yín? Áà, ilé ńlá! Ẹ ó lò ó pẹ́. Ẹ ó hu ewú nínú rẹ̀.”

“Àmín. Mo ní, kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?”

“Ọmọ á kún inú rẹ̀. Aburú kò ní yà síbẹ̀.”

“Àmín, ìyá. Aya Ilé Ọ̀jẹ̀ ni yín. Láti ìgbà tí ẹ ti wà ní ìyàwó lẹ ti ń gbé ibẹ̀. Ẹ̀yìn agbo-ilé yín, kí lẹ ń lò ó fún?”

Àtinúkẹ́ pọ́n òrí náà sínú ewé. Ó bu ènì sí i, ènì náà sì pọ̀ ju ohun tí Àwáwù rà lọ. Nígbà tó nà án sí i, kò gbójú sókè.

“Ìyá Sàfú, ṣé ẹ ò lè mú ọmọ náà lọ sí Tẹ̀dé? Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára fún ìkókó.”

Àwáwù gbé òrí náà dání délé, ó sì wúwo lọ́wọ́ rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹnì kejì tó bi ni Festus, olùkọ́ ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan, tó ń gbé ilé kejì. Ògiri ọgbà kan ló pààlà òun àti Jímọ̀. Ọmọlúwàbí ni, ó sì fẹ́ràn àwàdà. Ó wá kí wọn kú ewu ọmọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àwáwù sì mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó fi ògiri hàn án.

“Màmá Tẹ̀dé,” Festus wí, ó ń rẹ́rìn-ín, “ilé tuntun dà bí ọmọ tuntun. Ó ń kọ́ ìjókòó ni. Ọmọ á kọ́kọ́ yẹ̀ sọ́tùn-ún, á yẹ̀ sósì, kó tó wá jókòó dáadáa.”

“Ọmọ tí mo mọ̀, bó bá yẹ̀, ìyá rẹ̀ á gbá a mú. Ta ni yóò gbá ilé mú?”

“Hẹ̀ẹ́! Ẹ̀yin ìyá yìí! Ẹ bá mi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi.”

“Tíṣà, ẹ ti ń gbé ibí kí àna mi tó dé. Kí ló wà lórí ilẹ̀ yìí?”

Festus tún wo ògiri náà, ó wo ilẹ̀, ó fi ẹnu bàtà tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ẹ̀rín ojú rẹ̀ kò lọ, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan tó mú ẹ̀rín náà dúró síbẹ̀ mọ́. “Ọlọ́run tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yóò parí rẹ̀ sí rere,” ó ní, ó sì dágbére.

Ẹ̀bá ògiri ọgbà náà ni Festus máa ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí lójoojúmọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àwáwù rí i láti ojú fèrèsé bó ti ń wa ọkọ̀ náà kọjá sí òdìkejì títì, tó gbé e sí abẹ́ igi. Nígbà tí Festus rí i pé ó ń wo òun, ó juwọ́ sí i.

“Ẹ ó lò ó pẹ́ o, Màmá!”

Lẹ́yìn èyí, Àwáwù pinnu láti tọ onílé lọ. Ó dúró kí Jímọ̀ jẹun tán, kí ó fọwọ́, kí ó sì gbé ọmọ rẹ̀ lé itan.

“Àna mi, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí n mú ìyá àti ọmọ lọ sí Tẹ̀dé. Ẹ jẹ́ ká kó ọmọ jáde níbẹ̀.”

Jímọ̀ gbé ojú sókè. “Kí ni mo ṣe yín, Màmá?”

“Ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ilé yín dára. Èmi ni òòyì pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń kọ́.”

“Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan fún yín.” Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, nítorí ọmọ ti sùn lọ. “Nígbà tí mò ń ru ẹrù ní Ìjìó, tí mò ń sùn lórí àpò sìmẹ́ǹtì, bí mo bá kí àwọn tó ń gbé Òkè-Ọlá yìí, wọn kì í dá mi lóhùn. Èmi náà wá kọ́lé sí àárín wọn, síbẹ̀ wọn kò tíì wọlé mi. Ọjọ́ ìkómọ ni wọ́n máa wọ̀ ọ́. Gbogbo wọn ló ti ní àwọn ń bọ̀. Wọ́n á gun àtẹ̀gùn mi, wọ́n á jókòó sí pálọ̀ òkè. Bí ẹ bá wá gbé ọmọ sá lọ, kí ni kí n sọ fún wọn? Pé ìyá ìyàwó mi ń sá fún ilé mi?”

“Mo gbọ́ yín.” Ó fa aṣọ bo ẹsẹ̀ ọmọ. “Kí ló wà lórí ilẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀, àna mi?”

Kí Jímọ̀ tó lè kó ojú rẹ̀ níjàánu, ojú náà ti sá lọ sí ara kàlẹ́ńdà. “Ilẹ̀ ni,” ó ní. “Ilẹ̀ ló wà lórí ilẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín sí i, òun nìkan.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí Àwáwù kò kàn fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ kí wọ́n máa lọ. Ó rò ó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ, ti bàbá rẹ̀ ni. Bí ó bá mú Sàfúrátù lọ láìnídìí, yóò mú un kúrò lára ọmọ rẹ̀ ni. Sàfúrátù kò sì ní tẹ̀ lé e, nítorí ìyá kan kì í fi ìkókó sílẹ̀ nítorí pé omi ṣàn gba ibi tí kò yẹ. Ó tún fojú wo àwọn tó máa gun àtẹ̀gùn náà: gbogbo ará Òkè-Ọlá, pẹ̀lú àga, pẹ̀lú ìkòkò oúnjẹ, nínú pálọ̀ kan ṣoṣo, lórí ògiri tó là.

Ní àárọ̀ tó ṣáájú ìkómọ, ó wọ ọkọ̀ jáde ìlú lọ sọ́dọ̀ Ọ̀jẹ̀túndé, olórí Ilé Ọ̀jẹ̀, tó ti kó lọ sí oko ìdílé wọn lójú ọ̀nà Tẹ̀dé. Ó bá bàbá náà lábẹ́ igi èmí, ó ń gbẹ́ ẹ̀rú ọkọ́.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n ní kí n wá pè yín síbi ìkómọ.”

“Ta ni ‘wọ́n’?”

“Èmi ni, Bàbá.”

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. “Mo ti mọ̀. Ẹni tó ra aṣọ lọ́wọ́ èèyàn kì í fẹ́ kó wá wò ó lára òun.”

Àwáwù kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ èérún igi. “Bàbá, kí ló wà lẹ́yìn agbo-ilé yín?”

“Ọlọ́run yóò dá ilé náà sí.”

“Àmín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Bí a bá mọ ọ̀rọ̀ kan, tí a gbé e mì, tí a wá ń gbàdúrà lé e lórí, ṣé Ọlọ́run máa ń gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀?”

Ọ̀jẹ̀túndé gbé àáké kékeré ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Ìyá Sàfú, ẹ̀yin náà ẹ bá mi wò ó. Bí mo bá sọ ọ́ lónìí tí ilé náà wó lọ́la, wọ́n á ní Ọ̀jẹ̀túndé ta ilẹ̀ tán, ó tún fi ẹnu wó ilé. Gbogbo ọmọ mi ni yóò máa jẹ́ orúkọ yẹn. Bí n kò bá sọ ọ́ tó wó, àmúwá Ọlọ́run ni. Èwo ni kí n mú?”

“Ọmọ ọmọ mi wà nínú rẹ̀.”

“Mo mọ̀.” Ó gbójú kúrò lára rẹ̀, ó ń wo ibi tí ojú ọ̀run ti ń dúdú bọ̀ lókè ọ̀dàn. “Ẹ tẹ́tí sí mi. Ẹnì kan ló lè sọ̀rọ̀ ilé tí ayé kò ní pè é ní ọ̀tá ilé. Ẹni tó ni ilé ni. Kí lẹ wá ń bi wá kiri sí? Ẹ lọ bi ẹni tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Èmi kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àna yín dúró ti àwọn lébìrà láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Ohun tí ṣọ́bìrì kó jáde, ojú rẹ̀ ló ṣe.”

Òjò ká Àwáwù mọ́ ọ̀nà bó ti ń padà. Títí di àkókò yẹn, ó ti rò pé wọ́n tan àna òun jẹ ni. Òun rò pé òun ń wá ohun tí òun yóò lọ sọ fún Jímọ̀. Jímọ̀ ló ní in lọ́wọ́ látìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń sùn lé e lórí pẹ̀lú aya àti ọmọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ó wẹ ọmọ, omi tọ ògiri ẹ̀yìn lọ, kò sì gbá jọ síbẹ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ó wọ inú ògiri. Àwáwù dáwọ́ dúró, ó fetí sílẹ̀. Ó gbọ́ bó ti ń kán lọ nísàlẹ̀, ó ń kán, ó ń kán, ní ibi tó jìn ju ìsàlẹ̀ ilé lọ.

Ó fi òrí pa ọmọ lára, ó wọ̀ ọ́ láṣọ. “Dìde, Sàfú. A ó lọ dúró nísàlẹ̀ láti kí Àlùfáà tó ń bọ̀ wá sọ ọmọ lórúkọ.”

“Màámi, òkè ni wọ́n ní ká dúró sí.”

“Àgbàlagbà là ń lọ pàdé. Dìde.”

Sàfúrátù wo ojú ìyá rẹ̀, ó sì dìde tẹ̀ lé e.

Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Jímọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú léèsì funfun, ó ń bọ gbogbo wọn lọ́wọ́, ojú rẹ̀ sì ń dán bíi ti ọmọdé lọ́jọ́ Iléyá. “Ẹ gòkè o! Òkè ni ìjókòó wà!” Obìnrin inú Píjò dé, ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, lọ́tẹ̀ yìí, ó dáhùn ìkíni. Àwọn kan gòkè, a sì ń gbọ́ bí wọ́n ti ń fa àga. Ṣùgbọ́n bí Àwáwù ti ń wò, ó rí ohun kan tí àwọn yòókù kò kíyè sí. Àtinúkẹ́ gbé ẹ̀bùn ọmọ wá, ó fi í rán ẹlòmíràn wọlé, ó ní ìta ti tó òun. Festus wọ aṣọ tó dára jù lọ, ó sì dúró ti ọkọ̀ rẹ̀ ní òdìkejì títì. Ọ̀jẹ̀túndé wá láti oko. Ó fara ti ọ̀pá rẹ̀ lẹ́yìn géètì, kò sì sún síwájú. Ibi tí olúkúlùkù dúró sí ti sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kọ̀. Àwọn tó mọ̀ wà níta. Àwọn tí kò mọ̀ ló ń gòkè.

Àlùfáà dé, ó bọ́ bàtà, ó di irin àtẹ̀gùn mú. Àwọn èèyàn tò sẹ́yìn rẹ̀. Lókè, gíláàsì fèrèsé kan dún, ó fọ́, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

“Bísímílà!” ẹnì kan wí, àwọn mìíràn rẹ́rìn-ín.

Ìgbà náà ni Àwáwù gba ọmọ lọ́wọ́ Sàfúrátù. Ó gba àárín àwọn èèyàn kọjá, ó dé ìdí àtẹ̀gùn, ó sì gbé ọmọ náà lé Jímọ̀ lọ́wọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti di àna, kò pè é ní orúkọ rí, kò sì bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọdé rí.

“Jímọ̀,” ó ní, “ìwọ ni kí o gbé e gòkè. Àlùfáà yóò tẹ̀ lé ọ. Gbogbo ayé yóò tẹ̀ lé ọ. N kò sọ pé nǹkan kan ń ṣe ilé rẹ. N kò ní sọ ọ́, kí wọ́n má ba à ní èmi ni. Ìbéèrè ni mo ní. Kí ló wà lórí ilẹ̀ yìí kí o tó kọ́lé sí i?”

Jímọ̀ rẹ́rìn-ín, ó wo àwọn àlejò rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn. Ọmọ náà na apá, ó fọwọ́ kékeré kan gbá etí léèsì rẹ̀ mú. Jímọ̀ gbé ẹsẹ̀ kejì, ó dúró. Láti ibi tó wà, ó ń rí ìta géètì. Ó rí Ọ̀jẹ̀túndé, ó rí Àtinúkẹ́, ó rí Festus lábẹ́ igi, bí wọ́n ti jọ ń wò ó, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì mira. Lókè, ẹnì kan tún fa àga, ariwo kékeré kan sì dáhùn láti inú ògiri, bí ìgbà tí igi gbígbẹ bá ń là.

Ẹ̀rín náà kú lójú rẹ̀. Ó sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀, ó sọ èkejì kalẹ̀, ó di ọmọ mọ́ àyà. Kò lè wo ìyá ìyàwó rẹ̀. Àlùfáà ló kọjú sí, nítorí òun ló sún mọ́ àtẹ̀gùn jù.

“Ààtàn ni,” ó wí. Ohùn rẹ̀ kéré. Ó tún un sọ, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. “Ààtàn Ilé Ọ̀jẹ̀ ni. Kòtò tí àwọn bàbá wọn ti ń wa amọ̀ ìkọ́lé ni, tí wọ́n wá ń da eérú àti pàǹtí sí i títí ó fi kún. A gbẹ́ ìpìlẹ̀ títí, eérú là ń bá. Èmi ni mo ní kí wọ́n má gbẹ́ ẹ mọ́. A kò kan ilẹ̀, Àlùfáà. Ẹ má gòkè. Ẹ sọ fún àwọn tó wà lókè kí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sáré.”